Àwọ̀n Abẹ́ Igi

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún tọwọ́ bọ àwọ̀n tó ta sábẹ́ igi nígbó Banco nílẹ̀ òkèèrè. Òfìfo! Oṣù mẹ́ta rèé tó ti fẹ́ wọn ewé tó ń já bọ́, kó lè mọ iye oúnjẹ tí igi ń dá padà fún ilẹ̀. Lọ́la ló gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Àbí igbó yìí ti kú ni?" ló fi pariwo.

Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́ igbó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ wa, èmi ni mò ń bá ẹ kó ìdọ̀tí inú ẹ̀ láràárọ̀. Ṣé mo wá lè máa wo ọmọ Yorùbá níran ni?"

"Yé! Màmá, ibo lẹ dà á sí?"

"Ìdí ẹ̀fọ́ mi." Ó já tẹ̀tẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan. "Gbà, lọ sè é."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n.