Ẹyọ Sìgá Kan Lóko Àáró

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ bá mi kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi sìgá ṣe ọ̀rẹ́ yín lálejò.

1.
Ní ọdún 1962, ọkùnrin mẹ́rin kan ń bá ara wọn ṣe àáró ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Oko ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni gbogbo wọn yóò lọ, ẹni náà ni yóò sì wá oúnjẹ àti sìgá ìsinmi. Akínwándé ló lawọ́ jù nínú wọn. Ó lè febi pa ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé iṣẹ́ òun gbẹ. Ìyẹn ló fi ń yangàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù ni Ọláníran.

2.
Ikọ́ Ọláníran kò lọ mọ́. Tí ó bá kọ ebè márùn-ún, yóò dúró, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀, Títíladé, mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Dorothy. Nọ́ọ̀sì ní èéfín sìgá ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Kí ó jáwọ́, kí ó máa jẹ orógbó nígbà tí sìgá bá ń wù ú, kí ó sì bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún kí wọ́n má fi lọ̀ ọ́ mọ́.

"Bàbá, bí ọ̀rẹ́ yín bá ràn yín lọ́wọ́, ó ju oògùn mi lọ."

Ọláníran bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjì gbà. Akínwándé rẹ́rìn-ín, ó ní èéfín ló ń tú ikọ́. Ogójì ọjọ́ ni Ọláníran kò fẹnu kan sìgá. Ó tún ti ń kọrin lórí ebè.

3.
Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, oko Akínwándé ló kàn. Nígbà ìsinmi, ó pín sìgá, ó sì na ẹyọ kan sí Ọláníran. Ọláníran rọra yọ orógbó nínú àpò.

Akínwándé ní, "Orógbó kẹ̀? Ọmọ ta la fẹ́ sọ lórúkọ lóko?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ọláníran náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Akínwándé kò ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, sìgá ṣì wà níbẹ̀. Ojú ń tì í pé wọ́n kọ ohun tí òun fi lọni.

"Sọ fún mi. Ṣé sìgá lo kọ̀ ni, àbí èmi?"

Ọláníran wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Ó dá orógbó padà sápò, ó gba sìgá.

4.
Kò mọ sí ẹyọ kan. Ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì títí ọdún mẹ́rin fi kọjá. Nígbà tí Títíladé fi ẹkún mú un lọ, nọ́ọ̀sì ní kí ó jáwọ́ kí ìyókù má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà. Ó jáwọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, ìjókòó ló ń sùn, nítorí tí ó bá dùbúlẹ̀, kò ní lè mí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Akínwándé náà jáwọ́. Àràárọ̀ ló ń wá jókòó tì í. Ní ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Dìde. Inú ò bí mi sí ọ." Ọláníran mí, ó tún mí, kí ó tó rí ìyókù sọ. "Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ sìgá, Akínwándé."

Ọyẹ́ ọdún náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n fi sin ín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ọ̀rẹ́ dán an wò. Ẹ gbé tiyín pa mọ́. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ bá a jáwọ́. Bí ó bá sì tún padà sídìí rẹ̀, ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí ìtìjú má pa á. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.