Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Tó Sọnù

"Báwo lẹsẹ̀ yín láti orúnkún wálẹ̀?" ni dókítà tó ń díwọ̀n àìlera fún ìjọba bi ajagunfẹ̀yìntì náà.

"Digbí ni, sà!"

Lorraine, ìyàwó rẹ̀, figbe ta. "Digbí kẹ̀! Ẹsẹ̀ tó ń ta ọ́ bí iná, tó o fi ń ké bí ewúrẹ́ ńkọ́? Láàárọ̀ yìí o sọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nù, aládùúgbò ló gbé wa wá. O tún fẹ́ sọ owó àìlera tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹ nù!"

"Ológun kì í ráhùn."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Màá kọ ọ́ pé àìlera yín ò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ bọ́ bàtà yín ná."

Ó bọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jábọ́ látinú bàtà náà. Àpá eyín kọ́kọ́rọ́ náà hàn ketekete ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

Ajagunfẹ̀yìntì náà tẹjú mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. "Ta ló fi í síbẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá!"