Odò Tó Wà Lára Ògiri

Fadérera àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Láníyọnu, lọ wo àwòrán àtijọ́ tí àwọn ará Jàpáànì yà sára pátákó tí wọ́n fi ń pín yàrá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tàn sára ògiri gbọ̀ngàn náà: odò gbọọrọ àti ẹyẹ funfun.

Láníyọnu jáde lọ gba ìpè. Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ dákẹ́, àmọ́ àwòrán náà ò parẹ́. Fadérera gbọ́ tí omi ń ṣàn. Ó sáré kọjú sí ẹnu ọ̀nà, odò ló bá níbẹ̀.

“Bùọ̀dá mi o!”

Láníyọnu àti ọlọ́dẹ wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

“Fadérera, níbo lo wà?”

“Èmi rèé níwájú yín!”

Ìmọ́lẹ̀ náà kọjá lójú rẹ̀ gan-an. Láníyọnu fọwọ́ kan ògiri, ó sì yára fà á padà. “Ó tutù bí omi.”

“Wọ́n á ti jáde, ọ̀gá,” ni ọlọ́dẹ wí.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Fadérera bú sẹ́kún. Nígbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ nínú omi lẹ́yìn rẹ̀.

“Ó tó, má ké mọ́,” ni ohùn obìnrin kan wí. “Èmi náà ké títí.”