Orin Bàbá Oníbánjò

Nígbà yẹn, ní 1992, ìjọ Aládùúrà kan wà ní Woolwich tó ń sìn nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Woolwich Arsenal Station. Orin wọn ò jọ ti ìjọ kankan. Dùùrù á máa lọ jẹ́jẹ́, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó àtijọ́, gòjé òyìnbó á tẹ̀lé e, títí bánjò á fi já wọlé bí òjò orí páànù. Àwọn èèyàn ń ti Peckham wá gbọ́ ọ.

Ẹni tó ni orin náà, bí gbogbo ìjọ ṣe mọ̀ ọ́n, ò sí ní London. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Òyìnbó Onítẹ̀bọmi kan tó wá láti orí òkè Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ ní dùùrù àti bluegrass, orin bánjò àwọn ará òkè yẹn, nígbà tó wà lọ́mọdé. Àtìgbà yẹn ló ti ń ro oko, tó ń da méjèèjì pọ̀ kọ orin. Bàbá Oníbánjò ni wọ́n ń pè é.

Adégbọlá, àkọ́bí ẹ̀, ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń mú orin Bàbá wá. Ó ní inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń wà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé ló ń bá òun mú un wá. Á fi earphone sétí, á wá fi bánjò ta á fún wọn. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bà á jẹ́, kò ṣeé gbé síta.

Iṣẹ́ cleaner ló ń ṣe ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ìdọ̀tí omi London. Yàrá kan nínú flat Mummy Keziah ní Thamesmead ló ń gbé. Mummy Keziah ni olórí àwọn ìyá ìjọ, kò sì gbowó ilé. Ó ní èèwọ̀ ni, ọmọ Bàbá Oníbánjò ò lè sanwó ilé fún òun. Tí Adégbọlá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, á máa wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ orí omi Birchmere Park. Wọ́n ń yí po, wọn ò lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ kan, Mummy Keziah ń po tíì.

"Adé, orin Sunday tó kọjá yẹn, 'Òtútù wọ eegun mi, Olúwa, daṣọ bò mí.' Níbo ni Bàbá ti mọ òtútù?"

"Ọyẹ́ máa ń mú lọ́hùn-ún, Mummy."

"Ọyẹ́ wo ló ń wọ eegun? Bàbá ẹ ń ríran ni!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ìjọ ti pinnu. Ìkórè ọdún yìí, a máa mú Bàbá wá."

Adégbọlá gbé ife sílẹ̀. "Bàbá ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, Mummy. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi fò ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn akọrin. Mọ́wùnmí, tó ń kọ ohùn òkè, ò gbé e pamọ́. "Brother Adé, ẹ̀ ń jowú bàbá yín. Ẹ ò fẹ́ ká rí ẹni tó mọ bánjò ta gan-an."

Adégbọlá rẹ́rìn-ín, ó ń tún okùn bánjò fà.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló lọ bá Uncle Francis, olórí ẹgbẹ́ akọrin, nínú minicab tó ń wà.

"Uncle, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé orin. Ó ti sú mi."

"Kí ni ká wá sọ fún ìjọ? Pé Bàbá ò kọrin mọ́?"

"Rárá," ló yára fèsì. "Rárá. Òmíràn ń bọ̀."

Òmíràn dé lóòótọ́. Ìjọ jó, wọ́n làágùn, wọ́n ní kò sóhun tó máa dá ìrìn àjò Bàbá dúró. Uncle Francis wá sọ pé òun ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ wo ìyá òun tó ń ṣàìsàn, òun máa yà sọ́dọ̀ Bàbá lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra òun.

"Uncle, ẹ má dààmú. Ọ̀nà abúlé yẹn ò dáa."

"Èmi tí mò ń wa minicab? Ọ̀nà wo ni kò dáa?"

Ó lọ. Adégbọlá di ẹrù ẹ̀, ó tún tú u. Ìwé tó fi wọ ìlú ti kú tipẹ́. Tó bá lọ sílé, kò ní rí ọ̀nà padà. Tí ìjọ bá sì kọ̀ ọ́, yàrá náà ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbà á sílé. Kò sùn, kò jẹun. Mummy Keziah ń bi í bóyá ibà ni.

Sunday tí Uncle Francis dé, ó dìde jẹ́rìí.

"Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá o. Mo jókòó tì í. Abẹ́ igi ọsàn ni, ibẹ̀ tutù, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin ará, Bàbá ò ní wá sí London. Ibi tó wà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká máa gba orin lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀."

Ìjọ pariwo halleluyah. Mummy Keziah jó dé iwájú pẹpẹ. Bánjò wà lọ́wọ́ Adégbọlá, ọwọ́ náà ò gbéra.

Nígbà tí ìsìn parí, Uncle Francis fà á lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, ó ní: "Mo bá ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sójú oórì bàbá ẹ, ọdún kẹrin rèé tí wọ́n sin ín tí àkọ́bí ò dé, mo sì sọ fún àwọn ará ilé ẹ pé ìwé ni kò jẹ́ kó o wá, ìwọ ṣáà máa kọ orin ẹ lọ, máa pè é ní ti Bàbá, torí pé èmi náà ti parọ́ níwájú pẹpẹ báyìí, a ò lè jáwọ́ mọ́."