Ìpè Mẹ́sàn-án Tí Sùlíyá Kò Gbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

1.
Ọdún 2005 ni. Ìjọba alágbádá ti lo ọdún mẹ́fà, fóònù alágbèéká sì ti ń wọ ilé mẹ̀kúnnù. Akínfẹ́nwá, ọmọ Èkìtì, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn àwọn tí iléeṣẹ́ fóònù bá ń yọ lẹ́nu. Kó gba lẹ́tà ẹ̀sùn, kó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ṣẹ̀, kó rí i pé wọ́n dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀gá iléeṣẹ́ fóònù kan ti fún un ní fóònù oníkámẹ́rà, wọ́n sì ń fi káàdì ìpè ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ẹni tó ń jẹ irú ẹ̀ lẹ fẹ́ kó kọ̀wé? Inú fáìlì ni gbogbo lẹ́tà ń sùn sí.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Sùlíyá wọlé. Aránṣọ ni ní Ìfàkò, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà kẹrin tó máa wá nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀rọ yẹn ṣì ń pè mí o. Tí mo bá gbé e, ohùn obìnrin kan á ní mo ti jẹ ẹ̀bùn, kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo bú u títí, kò gbọ́! Lánàá nìkan, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo wà lórí ìrun, ó ń dún."

Akínfẹ́nwá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Màdáámù, a ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀."

Irọ́ gbuu.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, sà."

Inú bí i. "Ta ló ní dandan ni kí ẹ máa gbé e? Nọ́ńbà tí ẹ ò bá ti mọ̀, ẹ má gbé e mọ́. Ó parí!"

"Fóònù kan ṣoṣo la ní nílé, sà. Tí ọkọ mi bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ láti ibiiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ló ti ń pè mí. Òní nọ́ńbà yìí, ọ̀la nọ́ńbà yẹn. Tó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Tọ́rọ̀ ẹ̀ bá ṣe pàtàkì, á wá sílé."

Sùlíyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lójú tiẹ̀, ẹni tí ìjọba gbé sórí àga ò lè ṣi òun lọ́nà.

3.
Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ ike ní iléeṣẹ́ kan l'Órẹ́gùn gbá Làsísì, ọkọ Sùlíyá, lẹ́sẹ̀ mú. Wahab tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kíákíá, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kàn án àyàfi tí ẹbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé. Làsísì ò mọ ara rẹ̀ mọ́. Wahab ò mọ ilé wọn, nọ́ńbà fóònù nìkan ló ní. Ó sáré lọ sábẹ́ agboòrùn tó wà lẹ́nu géètì ọsibítù.

Ó pè. Sùlíyá wo nọ́ńbà, kò mọ̀ ọ́n, ó pa á. Wahab tún pè, ó tún pa á. Sùlíyá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ìjọba ti là mí lójú." Ìgbà mẹ́sàn-án ló pa á, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ń kà wọ́n.

Aago mẹ́rin ti lù kí dẹ́rẹ́bà iléeṣẹ́ tó mọ ilé wọn tó ti Ìbàdàn dé, kó tó lọ gbé Sùlíyá. Nígbà tí Sùlíyá máa fi débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo Làsísì lójú. Ẹ̀jẹ̀ ti dà tán lára rẹ̀. Sùlíyá la fóònù yẹn mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá. "Mo pa ọkọ mi o! Èmi ni mo pa á!"

4.
Ó ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Bó ṣe jáde nínú ilé, ọ́fíìsì Akínfẹ́nwá ló gbà lọ. Akínfẹ́nwá rò pé ẹjọ́ ẹ̀rọ yẹn náà ló tún gbé dé. Àfìgbà tí Sùlíyá rò ó délẹ̀ ló tó gbójú sókè.

"Mi ò wá bá yín jà, sà," ni Sùlíyá wí. "Wahab ní òun ò ka iye ìgbà tóun pè. Ẹ bá mi bi iléeṣẹ́ fóònù: nínú mẹ́sàn-án tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, mélòó ni ti ẹ̀rọ? Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ló pọ̀ jù, bóyá màá lè sùn."

Ọjọ́ náà ni Akínfẹ́nwá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí èsì dé? Ọjọ́ méjì péré! Wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé àwọn ti yọ nọ́ńbà Sùlíyá kúrò lára èyí tí ẹ̀rọ ń pè, pé ká ní ẹnikẹ́ni ti sọ fáwọn ni, àwọn ì bá ti yọ ọ́ tipẹ́.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà nígbà mẹ́sàn-án, ti agboòrùn ẹnu géètì ọsibítù. Ẹ̀rọ ò pè é rárá lọ́jọ́ náà. Akínfẹ́nwá gbórí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Sùlíyá padà wá gbọ́ èsì, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu Akínfẹ́nwá: ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ro iṣẹ́ rẹ̀, ó ro ìtìjú, ó gbé e mì.

"Mẹ́jọ ni ti ẹ̀rọ, màdáámù. Ẹyọ kan ni ti Wahab, ìyẹn náà sì ti pẹ́ jù."

Sùlíyá bú sẹ́kún, ó gbọ́wọ́ sókè. "Alihamudulilahi! Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀bi ẹlẹ́bi kàn yín láyé."

Akínfẹ́nwá la ẹnu kó ṣe àmín. Dípò ẹ̀, ó ti ìwé èsì náà bọ inú fáìlì.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Sùlíyá ṣì ń ránṣọ ní Ìfàkò, ó ṣì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ìpè ẹyọ kan yẹn, ó sì ń gbàdúrà fún Akínfẹ́nwá. Akínfẹ́nwá ò tíì lọ bá a kó sọ òótọ́ fún un.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé síbi tí aráàlú ti ń sunkún wá, mo bẹ̀ yín, lẹ́tà tí ẹ fi pamọ́ yẹn, èèyàn ló kọ ọ́. Ẹ dá a lóhùn. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnì kan ń ru ẹ̀bi yín kiri, ẹ má jẹ́ kó fi kú. Ẹ dìde lónìí, ẹ lọ sọ fún un pé tiyín ni.