Ẹ̀kọ́ Àárọ̀ Létí Odò

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ba nọ́ọ̀sì nímú, omi iwájú rẹ̀ sì pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" Ata Wẹ́wẹ́, ọmọbìnrin tí nọ́ọ̀sì dì mú, ń pariwo.

Nọ́ọ̀sì kò fi í sílẹ̀. Ọdọọdún ló ń fi ìsinmi rẹ̀ kó àwọn ọmọ aláìní láti ìgboro wá pàgọ́ ìsinmi sínú igbó lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Nígbà tó rí orí ọmọbìnrin yìí láàárín odò, kò dúró bọ́ bàtà, kò sọ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ tó fi bẹ́ sómi. Ibo lọmọ ìgboro ti fẹ́ mọ odò wẹ̀? Ó di ọrùn rẹ̀ mú gírígírí.

"Rọra, ọmọ mi! Mo ti dì ọ́ mú!"

Ọmọ náà fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lẹ́nu. Eyín kan yọ. Ó fi orúnkún gún un níkùn, ó fà á nírun, ó tẹ orí rẹ̀ bọ omi. Ṣé nítorí fóònù tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá ló ṣe fẹ́ pa mí? Ohun tí nọ́ọ̀sì ń rò nìyẹn títí ojú rẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó lajú, ó ń bi omi sórí iyanrìn. Ata Wẹ́wẹ́ ti fi ọ̀bẹ gé okùn àpò ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, ó ń fa bàtà rẹ̀ tó kún fómi yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa láàárọ̀ pé ẹni tó ń rì, tó bá dì mọ́ wa lọ́rùn, kí á lù ú títí yóò fi rọ̀, kí á tó wọ́ ọ jáde."

"Ìwọ lò ń rì!"

"Èmi kẹ̀? Mò ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni."