Ìwé Tí Gbogbo Wọn Ṣì Rántí

Ọkùnrin kan wà tó mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ: "Mo ṣì í." Bó bá ṣìnà, á ní wọ́n ti gbé ọ̀nà kúrò níbi tó wà. Bí ọbẹ̀ tó sè bá níyọ̀ jù, á ní iyọ̀ ayé ìsinsìnyí ló le. "Ó dá mi lójú" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́, títí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó-Dá-Mi-Lójú yìí ni ọ̀gá ilé ìkàwé àdúgbò.

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá síbẹ̀ lọ́sàn-án láti ka ìwé fún àwọn ọmọdé. Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló kọ́ Ó-Dá-Mi-Lójú fúnra rẹ̀ ní a, b, d, nígbà tí ìyẹn ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Opó ni, òun nìkan ló ń gbé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní ìlú mìíràn. Ìwé kíkà yẹn ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn.

Nígbà tó yá, wọ́n kun ilé ìkàwé náà. Ọ̀gá ní kí akunlé kọ orúkọ àwọn ìwé tí gbogbo àdúgbò kà ní kékeré sára ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ni ìtàn ẹyẹ kan tó ń ṣọ́ odò, tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́. Akunlé kọ ọ́ gàdàgbà: ẸYẸ ETÍDÒ.

Ìyá Olùkọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Etí dúró lọ́tọ̀, Odò dúró lọ́tọ̀."

Ọ̀gá ní Etídò ni, ó dá òun lójú. Ó pe akọ̀wé, ó pe awakọ̀, ó pe obìnrin tó ń gbálẹ̀. Gbogbo wọn ló ka ìwé náà ní kékeré, gbogbo wọn ló sì ní Etídò ni àwọn rántí. Awakọ̀ tilẹ̀ ní òun ṣì ń rí i lójú òun báyìí, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tí wọ́n fi kọ ọ́. Wọn kò purọ́ o. Bí ẹnu wọn ṣe ń pè é ni wọ́n rò pé ojú wọn rí i. Ìyá Olùkọ́ fẹ́ ṣàlàyé pé òun máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òun pàtẹ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀gá já a lẹ́nu lójú àwọn ọmọdé.

"Màmá, ṣé gbogbo wa la wá gbàgbé pọ̀ ni? Ọjọ́ orí ló ń bá yín ṣeré."

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá wá awò ojú rẹ̀ tì, wọ́n á fọwọ́ tọ́ ara wọn. Bó bá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, wọ́n á mi orí. Ohun tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ ń ṣe nílé rẹ̀ wá di àìsàn lọ́rùn tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òbí kan fi ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kàwé fún ọmọ àwọn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Ó-Dá-Mi-Lójú ń palẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀ tó ti kú mọ́. Nínú páálí kan, lábẹ́ aṣọ, ó bá ìwé náà, tirẹ̀ gan-an, tó ti fi pẹ́ńsùlù kun ìyẹ́ ẹyẹ inú rẹ̀. Etí dúró lọ́tọ̀, Odò dúró lọ́tọ̀. Ó ṣí i wò; bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ojú ewé.

Ó dìde kó gba ilé Màmá lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí ògiri, ó rántí ẹ̀rín tí wọn yóò fi òun rín. Ó padà, ó ti ìwé náà bọ abẹ́ aṣọ, ó sì fi okùn so páálí. Àṣìṣe ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó so okùn ló di ìkà.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ọmọ Màmá fi wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ṣé lóòótọ́ ni ọkàn wọn ti ń ṣáko?"

Òótọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó rẹ̀ wọ́n ni," ló sọ. "Ìsinmi ló yẹ wọ́n."

Wọ́n ti ilé Màmá pa, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ mú un lọ sí ìlú tirẹ̀. Bí Màmá ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọ̀gá mú. "Má bínú pé mo bá ọ jiyàn. Mi ò tún fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀gá ń gbà wọ ibi iṣẹ́ kí ojú rẹ̀ má baà kan ògiri. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ìyàwó rẹ̀ ń wá aṣọ òtútù nínú páálí náà, ó rí ìwé, inú rẹ̀ dùn, ó sì gbé e wá sí ilé ìkàwé. Àwọn òṣìṣẹ́ pé lé e lórí, wọ́n rí Etí àti Odò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó náà gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ìwé náà kò ṣàjèjì sí i, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àbí?"

Ọ̀gá gbé ìwé náà, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú tí Màmá wà. Ó bá a níjòkòó létí fèrèsé, láìsí ìwé kankan nítòsí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó fi ìwé lé e lọ́wọ́. Màmá fi ìka tọ àkọlé náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀, ó sì dá a padà.

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tẹ́lẹ̀ náà, ẹ sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kà á fún mi, ọmọ mi. Bí o bá ṣe kà á ni màá gbà."

Ó pa ìwé náà dé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ògiri kọ, wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá, ó ní òun kò wá mọ́, kí òun má baà ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Kò tún ṣí ìwé títí ó fi kú. Ọ̀gá àná wá di ẹni tó ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá lóòótọ́ ni ohun tí òun fi ojú ara òun rí.

Ẹ̀yin ọmọ àti àgbà, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ rántí nǹkan kan bí kò ṣe rí. Pípọ̀ tí ẹnu pọ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ á sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu yín gba ojú lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí a lè dá ìwé padà, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá ìgboyà padà.